Àlejò Tí Kò Ba Ilẹ̀ Onílẹ̀ Jẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Arìnrìn-àjò Jọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí jẹ mọ́ ìrìn-àjò, àti bí ọmọ ènìyàn ṣe lè máa rìn kiri ayé láìba ayé jẹ́. Nítorí pé bí àwọn baba wa tilẹ̀ sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọn kò sọ pé kí ẹni tí ń relé fi ilé ẹni tó gbà á lálejò sílẹ̀ ní àlàpà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà Akwanga gòkè wá sí Jọ́ọ̀sì rí yóò mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Bí ọkọ̀ bá ti ń pọ́n òkè, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kùn, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò máa yí padà, tí ẹni tó ń làágùn ní ìsàlẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá aṣọ òtútù; nítorí pé òkè pẹrẹsẹ tí ìlú náà tẹ̀dó sí ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, Òkè Shere tó wà lẹ́bàá ìlú sì ga tó mítà 1,829. Láti orí òkè pẹrẹsẹ yìí ni odò Kàdúná ti ṣàn lọ títí ó fi bọ́ sínú odò Ọya. Ibẹ̀ ni odò Gongola ti gbéra kí ó tó lọ pàdé odò Bẹ́núé. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn odò kan ti gba ìhà àríwá lọ sí apá adágún Chad. Nítorí náà, bí a bá ba omi jẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, omi abùwẹ̀ abùmu, omi tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣọ̀tá, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Jọ́ọ̀sì lè mu nínú ìdọ̀tí ọwọ́ wa.

Ìrìn-àjò ló sọ Jọ́ọ̀sì di ìlú ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, òyìnbó gbọ́ ìró tánńganran, wọ́n sì dé pẹ̀lú ọkọ́ àti ẹ̀rọ. Reluwé kékeré láti Zaria dé Bùkúrù lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ní 1914, nígbà tó sì di 1927, ojú irin ńlá láti Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì. Ojú irin yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tọ̀ wá ṣòwò, tí wọ́n fi kọ́lé níbẹ̀, tí wọ́n bímọ, tí àwọn ọmọ náà sì ń sọ Haúsá bí ẹní mumi. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn awakùsà gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n yí odò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì kó èrè lọ. Nígbà tí ọjà tánńganran dojú dé lágbàáyé ní 1985, kòtò àti òkìtì ló kù sílẹ̀ fún onílẹ̀. Ẹ dé apá Bùkúrù, Rayfield àti Barkin Ladi lónìí, ẹ ó rí adágún omi tó kún inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ nígbà náà. Létí irú adágún bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ fa omi sí oko ọ̀dùnkún òyìnbó àti kábéèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú rẹ̀ náà sì ni ọmọ ọlọ́mọ ti ń rì sí. Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, kò gbàgbé: àlejò tó ti kọjá lọ ló dá ọgbẹ́ náà sí i lára, onílé ló wà nídìí ìtọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé arìnrìn-àjò òde òní, bí kò tilẹ̀ gbé ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì lọ́wọ́, lè ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́ bí awakùsà ti bà á jẹ́, àti pé ojúṣe rẹ̀ ni kí ilẹ̀ tó lọ wò má ṣe burú ju bí ó ṣe bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí jíjó epo, èédú àti gáàsì ń tú sójú ọ̀run lágbàáyé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ti ara ọkọ̀ wá, ti ilẹ̀, ti omi àti ti òfurufú. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń dí ooru mọ́lẹ̀, tí ayé fi ń gbóná sí i, tí òjò kò sì fi dé lákòókò tí àgbẹ̀ ń retí rẹ̀ mọ́. Lítà epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì bá jó ń tú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ká ní mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan jó lítà 30 láti Àbújá dé Jọ́ọ̀sì, kìlógíráàmù 69 ló tú sílẹ̀ yẹn. Bí ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sínú rẹ̀, òun nìkan ló ru gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pé 14. Bí bọ́ọ̀sì elérò 14 bá sì jó lítà 45 ní ọ̀nà kan náà, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pé 8. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ń lọ sí ìgbéyàwó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ń lọ ṣọdún, ẹ má jẹ́ kí mọ́tò mẹ́fà tò tẹ̀ lé ara wọn nígbà tí bọ́ọ̀sì kan lè gbà yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀ yẹ táyà wò bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé, kí mẹ́káníìkì tún púlọ́ọ̀gì ṣe, kí ó sì yọ ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú búùtù. Nítorí pé òkè pọ̀ lọ́nà Jọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì tí ń tu èéfín dúdú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yóò fi epo ṣòfò sí i bí ó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, dípò kí a lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a lọ lẹ́ẹ̀kan, kí a pẹ́ díẹ̀, kí a parí gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe. Nígbà tí a bá sì ti dé inú ìlú, afẹ́fẹ́ tútù Jọ́ọ̀sì ń pe ẹlẹ́sẹ̀ láti rìn. Ibi tó bá jìn, ẹ bá àwọn èrò mìíràn wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ibi tó bá sún mọ́, Ẹlẹ́dàá ti fún wa ní ẹsẹ̀ tí kì í mu epo.

Èkejì ni ohun tí a ń gbé dání. Ẹ bá mi dé ibi tí odò Assop ti ń já, nǹkan bí kìlómítà 64 sí Jọ́ọ̀sì, lójú ọ̀nà Àbújá. Omi ń bọ́ láti orí àpáta kan dé orí àpáta kejì, ó ń hó, ó ń fọ́n ìrì sí ojú olùwòran, ara á sì tu ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣùgbọ́n níbi ìgbafẹ́ tí èrò bá ti ń pọ̀, bí a bá wo ẹsẹ̀ wa, ohun tí a ó rí ni ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó há sáàárín òkúta, ike ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, àti abọ́ funfun tí ẹnì kan ti jẹ ìrẹsì inú rẹ̀ tán. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń di ẹ̀kọ, bí a bá jù ú sílẹ̀, kí òjò tó rọ̀ tó ìgbà mélòó kan ó ti di ilẹ̀. Ọ̀rá àti ike kì í jẹrà bẹ́ẹ̀, ṣe ni oòrùn ń fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, tí àgbàrá ń gbé wọn wọ odò, tí ẹja ń gbé wọn mì, tí àwa náà sì ń jẹ ẹja. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nítorí náà, kí olúkúlùkù gbé ìgò omi tirẹ̀ kúrò nílé, kí ó fi kúlà tàbí abọ́ onídèérí gbé oúnjẹ, kí ó sì mú àpò kan dání tí yóò fi kó ìdọ̀tí rẹ̀ padà sí ibi tí a ti ń kó o dànù. Ẹ má sì fi ọṣẹ wẹ̀ tàbí fọ mọ́tò nínú odò, nítorí àwọn kan wà nísàlẹ̀ tó ń pọn ọ́n mu.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ iná. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Jọ́ọ̀sì, koríko á gbẹ bí ìgbálẹ̀ ògbólógbòó, ẹyọ sìgá kan tàbí ẹ̀ṣẹ́ná ibi tí a ti sun ẹran sì lè jó odidi òkè kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lè bá irú iná bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jọ́ọ̀sì, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Amurum, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ ti A.P. Leventis, tí a dá sílẹ̀ ní 2001 lábẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì, wà. Ẹyẹ kékeré pupa kan ń gbé láàárín àpáta àti koríko ibẹ̀, tí ọ̀mọ̀wé Robert Payne kọ ìwé nípa rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1998; ẹyẹ dúdú kan tí ń kọ mọ̀nà sì wà, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ti pupa yìí kí ó bá a tọ́mọ, tí akọ rẹ̀ sì ń sín orin ẹyẹ pupa náà jẹ. Bí iná bá jó ìtẹ́ ọ̀kan, ó ti jó ọmọ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá lọ sí Amurum tàbí Òkè Shere, kí ó gba ojú ọ̀nà tí a ti là, kí ó má ṣẹ́ igi, kí ó má kó ẹyin, kí ó má sì fi iná sílẹ̀ láìpa.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí a ń rà. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí òyìnbó awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg dá sílẹ̀ ní 1952, ọ̀pọ̀ ère amọ̀ àtijọ́ Nok tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tí awakùsà hú jáde. Orí kan nínú irú ère bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wà lórí igi nínú oko iṣu fún ìdẹ́rùba ẹyẹ, kí ó tó dọ́wọ́ Fagg. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ère bẹ́ẹ̀ wá bá yín ní kọ̀rọ̀, ẹ má rà á, ìtàn ìlú ló fẹ́ tà. Ohun tó yẹ kí owó yín rà ni ohun tí onílé fi òógùn rẹ̀ ṣe: tòmátò àti ọ̀dùnkún ọjà Farin Gada, àwo gwote tí wọ́n fi ọkà acha sè, ìkòkò amọ̀, iṣẹ́ ọmọ ìlú tí yóò mú yín gun òkè. Nígbà tí àwọn ará Laminga bá rí i pé igbó tó wà láàyè ń mú owó wálé, wọn kò ní í tètè gé e ta fún igi ìdáná.

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan kò lè sọ pé ìwọ̀nba tòun kò tó nǹkan, nítorí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọ̀rá kan, iná kan, mọ́tò kan tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kóra jọ. Ẹni tó bá sì da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo wá bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn-àjò lọ́dún yìí, yálà sí Jọ́ọ̀sì ni o tàbí sí ibòmíràn: ẹ bá ara yín wọ ọkọ̀ kan, ẹ gbé omi yín dání, ẹ kó ìdọ̀tí yín padà, ẹ pa iná kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì fi owó yín ran onílé lọ́wọ́. Àwọn òbí tó bá ń gbọ́ mi, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín kí ẹ tó kó wọn wọ mọ́tò.