Aṣọ Ara Wáyà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Yíyan Wáyà fún Ampilifáyà Onífáàfù

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí Àyìndé Bákàrè ti fi iná mànàmáná sí gìtá jùjú ní Èkó, tí ohùn gìtá fi rí agbára láti bá gángan dọ́gba lójú agbo. Fáàfù ni ampilifáyà fi ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà náà, nítorí pé tiransísítọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1947 kò tíì dé ọwọ́ àwọn olórin. Fáàfù tí ń pọ́n yòò bí ẹyinná kọ́ ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Wáyà tó fara pamọ́ sábẹ́ ṣásì ni, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń náwó lórí bàbà, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ tó bo bàbà náà ló yẹ kí wọ́n náwó lé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ilé iṣẹ́ Leo Fender ṣe ní Kalifọ́níà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí à ń pè ní Bassman 5F6-A, tí Jim Marshall àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wò ṣe JTM45 tiwọn. Nínú àpótí kan ṣoṣo yìí, iná mẹ́ta ni ń rìn, ìka kò sì dọ́gba. Iná tí ń mú inú fáàfù gbóná kò ju fóòtì 6.3 lọ, ṣùgbọ́n áńpù 2.7 ni fáàfù márùn-ún jọ ń mu nínú rẹ̀. Iná tí ń lọ sí áánódù ju 400 fóòtì lọ, bẹ́ẹ̀ áńpù rẹ̀ kò tó ìlàjì ẹyọ kan. Ohùn tó sì ti ara gìtá wá kò ju táṣẹ́rẹ́ lọ, ìdá kékeré nínú fóòtì kan.

Nígbà èwe mi, tí ìtara pọ̀ ju ìmọ̀ lọ, mo fi wáyà agogo ẹnu ọ̀nà to ẹ̀rọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì mú ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù ńlá kọjá. Ó dùn dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sì fi sílẹ̀ láti ìyálẹ̀ta di ìrọ̀lẹ́, ike ara wáyà rọ̀ bí òrí tí oòrùn pa, bàbà yọjú, ó kan ara ṣásì, fíúsì sì já. Bàbà náà kò ṣẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni kò bo ìhòòhò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wáyà kí n tó rà á: èyí tí wọ́n kọ 300 fóòtì sí kò yẹ fún ẹ̀rọ bí irú èyí, 600 ni kí a wá, bí ó bá sì jẹ́ oníke, èyí tó lè fara da ooru ìwọ̀n 105 sàn ju èyí tó mọ ní 80 lọ.

Òwú ni àwọn ará Fender fi wọ wáyà tiwọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí a kì í fi ọ̀bẹ bó o: a ó fi èékánná ti òwú náà sẹ́yìn, a ó jó léèdì mọ́ bàbà, òwú yóò sì padà wá bo ojú ibẹ̀, láìsí pé irin gbígbóná yọ́ ọ. Àléébù rẹ̀ ni pé òwú a máa fa ọ̀rinrin. Teflon, tí Roy Plunkett ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, kò bẹ̀rù ọ̀rinrin, ó sì fara da ooru ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣòro bó, bí a bá sì fún un mọ́ etí irin mímú, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sún kúrò títí irin náà yóò fi kan bàbà.

Fàdákà tí ẹ ń rí lára bàbà wáyà Teflon ni àwọn ọlọ́jà fi ń gba owó gọbọi, wọ́n ní ó ń mú kí ohùn mọ́. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ooru tí wọ́n fi ń wọ Teflon sí wáyà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbà lásán yóò fi dúdú, tí tánganran tí wọ́n fi ń bo bàbà wáyà mìíràn yóò sì yọ́. Ìdí nìyẹn tí fàdákà fi wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti gbígbé iná ni, fàdákà fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún péré ju bàbà lọ. Wáyà nọ́ńbà 22, tó nípọn tó mìlímítà 0.64, tó sì gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kò dí iná lọ́wọ́ ju óòmù 0.016 lọ, nígbà tí rẹsísítọ̀ ẹnu ọ̀nà Bassman jẹ́ mílíọ̀nù kan óòmù. Etí wo ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ náà?

Ohun tí etí ń gbọ́ ni ìró hùùù, bí oyin tó kóra jọ sínú ihò igi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: wáyà ìgbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, nọ́ńbà 18 tàbí 20, kí ẹ lọ́ méjèèjì pọ̀ dáadáa bí okùn, nítorí iná tí ń lọ nínú ọ̀kan àti èyí tí ń bọ̀ nínú èkejì yóò pa ariwo ara wọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ṣásì. Wáyà tó ti ẹnu gìtá lọ sí giríìdì fáàfù àkọ́kọ́ ni kí ó kúrú jù lọ. Bí kò bá lè kúrú, kí ẹ lo èyí tí awọ irin yí ká, kí ẹ sì so awọ náà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan péré. Bí ó bá pọn dandan kí ó pàdé wáyà áánódù, kí wọ́n dábùú ara wọn. Kí wọ́n má ṣe bára wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ti kó wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sórí tábìlì yìí, olówùú, oníke àti oníteflon, irin ìjóléèdì sì ti gbóná. Ẹ tò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi irin náà kan aṣọ ara wọn. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oníke.