Gbé e wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá wa sọ níbi ìpàdé ìparí ọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn tí wọn kò ráyè wálé ló ní ká gbé e jáde.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Akọ̀wé ti ń wo aago báyìí, ẹ jẹ́ kí n tètè wọlé.

Gbogbo wa la ti rí fídíò àwọn ọmọ wa tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á gbé agbádá bàbá rẹ̀ wọ̀, á fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, á máa ṣe bí alága kánsù tó wá ṣèlérí títì. Àwa náà á rẹ́rìn-ín, a ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mo gbọ́ pé owó ti ń wọlé fún àwọn kan nínú wọn. Aláṣọ ní kí wọ́n wá bá òun polówó, oníbúrẹ́dì náà ní kí wọ́n wá. Àwọn onífíìmù ti ránṣẹ́ pe àwọn kan lọ sí Èkó. Ó dùn mọ́ mi. Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Ọmọba Jídé Kòsọ́kọ́ tí gbogbo wa mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ eré ní 1964. Nítorí náà ẹ má rò pé mo wá ba eré àwọn ọmọ jẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: níbo ni owó wọn ń lọ?

Ẹ má tíì dáhùn. Gbogbo wa tó wà níbí la ti gba owó ọdún rí ní kékeré. Àlejò á fún ọ ní sílè méjì, kó o tó kì í bọ àpò, màmá ẹ á ti nawọ́: “Gbé e wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀.” Ẹni tó bá rí owó yẹn gbà padà nínú yín, kó nawọ́ sókè. Mo rí ẹnì kan. Ẹ ṣeun, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, a ó rí ara wa lẹ́yìn ìpàdé kẹ́ ẹ wá sọ orúkọ màmá yín fún mi.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé inú agboolé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan wà ní Los Angeles, nílùú Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Jackie Coogan. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1914 ni wọ́n bí i. Òṣèré orí ìtàgé ni bàbá àti ìyá rẹ̀, nítorí náà inú eré ló ti lajú. Ní 1917, kí ó tó di pé ẹnu rẹ̀ là dáadáa, wọ́n ti gbé e sínú fíìmù. Ní 1919, ó ń jó pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lórí ìtàgé nígbà tí Charlie Chaplin rí i. Charlie Chaplin yìí, ẹ̀yin àgbà á rántí ẹ̀: ọkùnrin onímùstáṣì bíńtín, tó máa ń de fìlà róbótó, tó ń fi ọ̀pá yí bíríbírí. Òun ni ọba apanilẹ́rìn-ín láyé ìgbà yẹn. Kò tíì pẹ́ tí àkọ́bí tirẹ̀ kú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọ náà lò láyé. Bó ṣe rí Jackie báyìí, ọkàn rẹ̀ fà sí i.

Fíìmù tí àwọn méjèèjì jọ ṣe, The Kid, jáde ní 1921. Tálákà kan ló rí ìkókó tí wọ́n gbé sọnù, tó sì wò ó dàgbà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó máa ń bá àwọn èèyàn fi gíláàsì sí fèrèsé. Ẹ gbọ́ bí òwò wọn ṣe rí o: ọmọ á ṣáájú, á sọ òkò lu fèrèsé onílé, á sá lọ, láìpẹ́ bàbá á kọjá pẹ̀lú gíláàsì lẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ kò rí oníṣòwò! Ẹ wò ó lórí YouTube, kò sí ohùn nínú rẹ̀, kò sì sí èdè tí ẹ máa nílò láti gbọ́ ọ. Níbi tí àwọn ìjọba ti wá fipá gba ọmọ náà, tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì, tó ń sunkún, mi ò tíì wò ó kí n má nu ojú mi.

Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe mú un sunkún? Chaplin fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, eré ń dùn mọ́ ọmọ náà, kò fẹ́ sunkún. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó sọ fún un pé tí kò bá sunkún, wọ́n á mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé àwọn aláìní lóòótọ́. Ẹkún tí gbogbo ayé ń wò láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹkún ọmọ tí bàbá rẹ̀ dẹ́rù bà ni. Mi ò pe bàbá náà ní èèyànkéèyàn o. Mo kàn ń sọ pé ọmọ yẹn ṣiṣẹ́, iṣẹ́ gidi.

Owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ta bèbí, wọ́n fi ta oúnjẹ, wọ́n fi ta aṣọ. Ní 1922 ó ṣe Oliver Twist. Ní 1924, ó wọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù láti kó oúnjẹ àti aṣọ jọ fún àwọn ọmọ òrukàn Àméníà àti Gíríìkì. Ohun tí wọ́n kó jọ ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Póòpù gbà á lálejò. Nígbà tí yóò fi di ọ̀dọ́, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé owó tó ti pa wà láàárín mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin dọ́là. Ẹ rántí pé dọ́là ìgbà yẹn kì í ṣe ti òní. Owó tí wọ́n ń fún òun fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀, dọ́là mẹ́fà àti sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Kò bínú. Ó gbà pé bàbá òun ń bá òun tọ́jú ẹ̀ ni, pé tí òun bá di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun á gbà á. Ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà rò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun, bàbá rẹ̀ àtàwọn mìíràn lọ pa ẹyẹ ní Mexico. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, mọ́tò wọn yí dànù. Gbogbo wọn kú, àfi Jackie.

Lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin tó ń bójú tó owó ìdílé wọn. Ọmọ ní kí wọ́n gbé owó òun fún òun. Wọ́n ní owó wo? Ó di ilé ẹjọ́ ní 1938. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí ni ó ti máa ń dun èèyàn. Ìyá yẹn kò jalè. Òfin California ìgbà náà sọ pé ohunkóhun tí ọmọ tí kò tíì dàgbà bá pa, ti òbí rẹ̀ ni. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ ní kóòtù náà nìyẹn. Wọ́n ti fi owó náà ra ọkọ̀, ra góòlù, ra aṣọ onírun. Nígbà tí wọ́n máa fi parí ẹjọ́, nǹkan bí ₦... ẹ foríjì mí, dọ́là ni, ₦áírà ló ti bà mí lẹ́nu jẹ́, nǹkan bí dọ́là 250,000 péré ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Jackie mú 126,000 lọ sílé. Wọ́n ní nígbà tí ara ni ín, Chaplin ló lọ bá, kò sì bi í ní ìbéèrè kan, ó kó ẹgbẹ̀rún dọ́là lé e lọ́wọ́.

Ariwo ọ̀rọ̀ náà ló mú kí California ṣe òfin ní 1939. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Òfin náà ní ihò lára níbẹ̀rẹ̀, àwọn òbí kan sì ń gba ibẹ̀ yọ. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti dí i: owó tí ọmọ bá pa, tọmọ ni, a sì gbọ́dọ̀ yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sínú àkáǹtì tí bàbá tàbí ìyá kò lè fọwọ́ kàn títí ọmọ yóò fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ayé Jackie kò parí síbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó di awakọ̀ òfuurufú irú èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ mìíràn máa ń fi okùn fà gòkè kó tó já a sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba lóru sẹ́yìn àwọn ará Japan nínú igbó Bọ́mà. Bọ́mà tí àwọn bàbá wa lọ náà ni. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà nínú ogun inú igbó yẹn kan náà lọ́dún náà. Nígbà tó darúgbó díẹ̀, tó párí kodoro, ó di gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú eré tẹlifíṣàn The Addams Family, láti 1964 sí 1966, níbi tó ti máa ń fi gílóòbù sẹ́nu tí iná á sì tàn. Ọdún 1984 ló kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ fíìmù ní kékeré.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mọ ìtàn yìí tó báyìí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá àwọn kan polówó ọjà lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi yà á, láàárọ̀ dalẹ́. Ìyá rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀, nítorí náà àkáǹtì tèmi ni wọ́n san owó sí: ₦250,000. Mo sọ fún un pé, “Màá bá ẹ tọ́jú ẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òjò wọlé sí wa lára, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ra páànù. Mo ní ara mi pé abẹ́ òrùlé náà kọ́ ló ń sùn ni? Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n létí mi.

Nígbà tí òjò tún rọ̀, a jọ jókòó sí pálọ̀, ó gbójú sókè ó ní, “Bàbá àgbà, èwo nínú páànù yìí ni tèmi?” Kò fi bú mi o. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Mi ò rí èsì fún un. Tí ó bá jẹ́ California ni, ₦37,500 ni ì bá wà nílẹ̀ tí n kò ní lè fọwọ́ kàn, bí ilé ń jò bí kò jò. Ní Nàìjíríà, a ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ẹ ní kí àwọn lọ́yà wa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de lọ́yà. Báńkì máa ń ṣí àkáǹtì lórúkọ ọmọdé. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ ṣeré kọ iye tó máa san sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, kí apá kan lọ tààrà sí àkáǹtì ọmọ. Tí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. Tó bá sì jẹ́ pé owó náà lẹ máa fi san owó ilé-ìwé rẹ̀, kò burú, ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ sì fi rìsíìtì hàn án. Mo ti bẹ alága kí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn òbí máa jíròrò lóṣù tó ń bọ̀.

Mo ti ṣí àkáǹtì fún ọmọ mi. Oṣooṣù tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, mo ń yọ ₦15,000 síbẹ̀. Oṣù mẹ́fà nìyẹn. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí, ó sì máa ń fà á yọ nígbà tí àlejò bá wà nílé. Ó kù ₦160,000.