Ẹ̀RỌ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍNÚ ỌKỌ̀ ÈRÒ: OWÓ, ÀKÓKÒ ÀTI ÀKỌSÍLẸ̀

Ẹni tí ó bá ti wọ dánfó rí ní ìlú Èkó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìjà ṣéńjì. Èrò méjì tí kò mọ ara wọn rí ni kọndọ́ yóò fún ní owó bébà kan ṣoṣo, tí yóò sì ní kí wọ́n lọ pín in ní ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ a lọ, wọn a dúró sí ẹ̀bá títì, wọn a máa wá ẹni tí yóò ṣẹ́ owó fún wọn. Ẹni tí ó ń kánjú lọ sí ibi iṣẹ́ a fi tirẹ̀ sílẹ̀. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n owó olówó ni.

Ìhà yìí gan-an ni ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ran èrò lọ́wọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí ná Máìlì 12 sí CMS ní ọdún 2008, tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni wọ́n ń já. Lẹ́yìn náà ni káàdì Cowry dé, èyí tí èrò ń kó owó sí kí ó tó wọkọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ènìyàn, nítorí owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá Yorùbá ná ni. Káàdì kan náà ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàárín Marina àti Máìlì 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Káàdì náà kò ní bátìrì. Bí wọ́n bá ti sún un mọ́ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, agbára tí ń ti ara ẹ̀rọ náà jáde ni yóò jí ohun tín-tìn-tín tí ó wà nínú rẹ̀. Yóò sọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì yọ owó ọkọ̀. Kò sí pé kọndọ́ gbàgbé ṣéńjì.

Ní London, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, wọ́n ti lọ jìnnà ju èyí lọ. Káàdì Oyster bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2003. Láti oṣù keje ọdún 2014, bọ́ọ̀sì ìlú náà kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Sátẹ́láìtì ń fi ibi tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà hàn, èrò sì lè rí i lórí fóònù pé ìṣẹ́jú mélòó ni ó kù kí ọkọ̀ dé. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà yára sí i. Ẹni tí ń dúró ni ó mọ iye àkókò tí òun yóò dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tóbi ju ìtura lọ. Ẹ̀rọ tí ó gba owó náà ni ó ń kọ ibi tí káàdì ti wọkọ̀, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Ó dára bí àwọn alákòóso bá fi mọ ibi tí èrò pọ̀ sí láàárọ̀, kí wọ́n lè fi ọkọ̀ kún un. Àmọ́ ẹni tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ìgbà tí ẹlòmíràn jáde nílé àti ìgbà tí ó padà: àmánà ni. Ní London, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń ya àkọsílẹ̀ ìrìn àjò kúrò lára oníkáàdì. Ó tọ́ kí èrò Èkó náà béèrè bí tiwọn ṣe ń pẹ́ tó, àti ẹni tí ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Dánfó ṣì ń gba owó ọwọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì dákú ní ibùdókọ̀ BRT, ẹni tí kò rí owó fi kún káàdì rẹ̀ yóò máa wo ọkọ̀ bí ó ti ń lọ, tòun ti owó lọ́wọ́.