Ìbọn Ráífù Kékeré fún Ẹni tí Kò Tíì Ní Ìbọn Rí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa ní Festac Town, tí Alága sì ní kí a tẹ̀ sínú ìwé yìí.)



Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, lẹ́yìn tí a ti parí ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngán, ọ̀kan nínú àwọn olóyè wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ oko sí ọ̀nà Àgbádárìgì, òyà kò sì jẹ́ kí òun rí ẹ̀gẹ́ òun wà. Nítorí náà òun ń fẹ́ ra ìbọn ráífù kékeré kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn. Ó bi mí léèrè èyí tí ó dára. Kí n tó dáhùn, ó fi kún un pé òun yóò kọ́kọ́ máa fi dánra wò ní àbàtà ẹ̀yìn ilé òun níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo wí fún Alága, òun ni ó sì ní kí n wá fi ìdáhùn mi ṣe ọ̀rọ̀ òní, nítorí kò dá a lójú pé olóyè kan ṣoṣo ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ń bẹ lọ́kàn rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó kan àlùfáà, tí ó tún jẹ́ olùkọ́ àwọn olùkọ́, nínú ọ̀rọ̀ ìbọn? Ọmọ ọdẹ ni mí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi ti ìgbẹ́ dé, tí ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ ti ògiri, tí ó sì lọ wẹ̀. Ó ti wí fún gbogbo ilé pé òun ti yìn ín tán. Mo gbé e, mo fi ìdí rẹ̀ ti èjìká gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń rí i tí ó ń ṣe, mo fa òòlù rẹ̀ sókè, mo sì fa apátí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìbọn náà dún. Gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó sì wọ inú òpó ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò kú. Ó wà láàyè títí di òní, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni etí rẹ̀ òsì kò ti gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́, bí mo bá sì lọ kí i, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Kò fi ìgbà kan bá mi wí rí. Ìbá sàn fún mi bí ó bá bá mi wí.

Àwọn baba wa ti pa á lówe tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ojú ìbọn kọ òun? Nígbà tí mo dàgbà tí mo ka ìwé àwọn òyìnbó lórí ìbọn yíyìn, mo rí i pé òfin tí wọ́n fi ṣáájú gbogbo òfin ni pé kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rín pa mí. Òwe wa ti wí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa ni a kò tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ráífù jẹ́. Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán bí inú fèrè. Ti ráífù, a gbẹ́ ìlà wíwọ́ yí inú ọ̀pá rẹ̀ ká, tí ó fi jẹ́ pé bí ọta ti ń jáde ni ó ń pòòyì bí òkòtó. Gbogbo wa ni a ti ta òkòtó ní kékeré. A mọ̀ pé èyí tí ó bá ń pòòyì dáadáa ni ó ń dúró ṣánṣán. Bẹ́ẹ̀ ni ọta ráífù kì í ta gẹ̀gẹ̀ lójú ọ̀nà. Irú ìbọn yìí kì í sì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ran àwọn ará ilé wọn lọ́wọ́ láti rí ráífù tí a ń ki láti ìdí, ìró ìbọn ogun náà ni a sì fi sọ ọ́ ní Kírìjì.

Ti ogun ni ìwọ̀nyẹn. Èyí tí olóyè wa ń bèèrè kéré sí wọn púpọ̀. Ihò ọ̀pá rẹ̀ kò ju ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ínṣì kan lọ, èyíinì ni mílímítà 5.6, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní .22. Kátíríìjì tí ó wọ́pọ̀ jù fún un, tí a ń pè ní .22 Long Rifle, ti wà láti 1887, nígbà tí ilé iṣẹ́ Stevens ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Ọta rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2.6 lọ. Ìbọn náà kì í ti èjìká sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ìbọn ńlá, owó ọta rẹ̀ kò sì ga tó ti àwọn yòókù. Òun náà ni àwọn eléré ìdárayá fi ń ta àmì láti mítà 50 ní ìdíje Olympics, níbi tí òbìrí àárín gbùngbùn àmì náà kò fẹ̀ ju mílímítà 10.4 lọ.

Ìkékeré rẹ̀ yìí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ọta tí kò tó èékánná ọmọdé ń jáde ní ìyára tí ó ju mítà 300 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá yìn ín sókè díẹ̀, tí kò sì rí ohun kan dí i lọ́nà, ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ kí ó tó wólẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn ní òpin ìrìn náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Òfin Ìbọn ti 1959, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú àfi bí Ààrẹ bá fún un ní àṣẹ: ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ìléwọ́ gbogbo, àti ráífù àwọn ológun, tí òfin sì dárúkọ ìwọ̀n ihò wọn, 7.62 mílímítà, 9 mílímítà, .300 àti .303. Èkejì ni èyí tí ènìyàn lè ní bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bá fún un ní ìwé àṣẹ. Níbẹ̀ ni ìbọn ọdẹ òyìnbó wà, àti ráífù ìdárayá tí ìwọ̀n ihò rẹ̀ kò sí lára àwọn tí a kà léèwọ̀. Ibẹ̀ ni .22 bọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni ti ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwé àṣẹ tiwọn sì wà lọ́tọ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò yà lẹ́nu: ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn bàbá kan ń rà fún ọmọ wọn láti fi ta alángbá àti ẹyẹ wà nínú ọ̀nà kejì yìí pẹ̀lú. Lójú òfin, kì í ṣe ohun ìṣeré.

Òfin náà wí pé a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi awò kàwé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú yẹn bí yín nínú. Ẹ lọ yẹ ojú wò. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ ni ó wà láti fún ni tàbí láti má fún ni. Ẹni tí kò bá rí ìwé gbà, kí ó fi ìbọn sílẹ̀. Kí ó má ṣe rà á ní kọ̀rọ̀.

Bí ìwé bá ti dé, èwo ni kí ó rà? Ní tèmi, èyí tí ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tí a ń fi ọwọ́ fa ìlẹ̀kùn ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, tí a ń fi kátíríìjì sí i, tí a sì ń tì í padà. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tí ń ki ara rẹ̀. Ẹni tí ọta mẹ́wàá wà lábẹ́ ìka rẹ̀ kì í ronú lórí ọ̀kan. Ẹni tí ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni yóò farabalẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn ìdí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ti bàbá mi ṣeé ṣí bẹ́ẹ̀, etí ẹ̀gbọ́n mi ìbá wà.

Kí ìbọn náà bá ara ẹni mu. Gbé ìdí rẹ̀ sí kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Bí ìka rẹ bá dé apátí láìnà tantan, ó tó ọ. Kí ó má wúwo ju bí o ti lè gbé e dúró láìgbọ̀n lọ. Kọ́kọ́ fi irin ìfojúsùn tí ó bá a wá kọ́ iṣẹ́, kí o tó ra awò sí i. Mọ ojú rẹ tí ó lágbára: na apá méjèèjì síwájú, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré kan, kí o sì wo ilẹ̀kùn ọ̀ọ́kán láti inú ihò náà; dí ojú kan lẹ́yìn èkejì. Ojú tí ó ṣì ń rí ilẹ̀kùn náà ni yóò máa darí ìbọn, ó sì lè jẹ́ òsì fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Bí ó bá jẹ́ ìbọn àlòkù, jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá tí ìpata ti jẹ inú rẹ̀ kò níye lórí kankan.

Kí n sọ òtítọ́ fún olóyè wa: ráífù yìí kọ́ ni oògùn òyà. Òyà ń sá nínú koríko, òru ni ó sì sábà máa ń jẹun. Ẹni tí ó ń fi iná wá a lóru ń yìnbọn sí ojú tí ń tàn nínú òkùnkùn, kò sì mọ̀ bóyá ojú ewúrẹ́ aládùúgbò ni. Ọgbà wáyà àti pàkúté yóò ṣe é láǹfààní jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́ àti ìdárayá, tàbí fún ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ lójú ọ̀sán, ó dára púpọ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí àbàtà ẹ̀yìn ilé. Ẹ wo ìlú tí a ń gbé. A kọ́ Festac láti gba àwọn àlejò tí wọ́n wá fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti 15 Oṣù Kìíní títí di 12 Oṣù Kejì, 1977. Ilé wà lẹ́yìn ilé. Òpópónà wà lẹ́yìn òpópónà. Ilẹ̀ wa pẹrẹsẹ. Kò sí òkè, kò sí àpáta, láti ibí títí dé Àgbójú àti Kìríkìrì. Kí ni yóò dá ọta dúró? Àwọn kan wí pé omi yóò gbé e mì. Rárá o. Ẹ ti rí ọmọdé tí ń ju òkúta pẹlẹbẹ sójú omi, tí ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ sí òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọta ń ṣe bí ó bá ba omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tí ó lè sọ ibi tí yóò yà sí. Ní òdìkejì àbàtà yẹn ni ẹni kan ń sá aṣọ. Bí ènìyàn bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Èmi kò sọ ti ìpayà tí ìró ìbọn ń dá sílẹ̀ ní ìlú tí olè ti ń yọ lẹ́nu; kí ìró kejì tó dún, gbogbo ilé ni yóò ti tì pa.

Nítorí náà, kí a tó yan ìbọn ni kí a ti yan ibi tí ọta yóò parí ìrìn rẹ̀ sí. Ní oko, kí a kó yẹ̀pẹ̀ jọ, kí ó ga ju ènìyàn lọ, kí ó nípọn, kí òkúta àti irin má sí nínú rẹ̀, kí ọ̀nà tàbí abà má sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni kí a gbé àmì sí, ní mítà 25 fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Dùbúlẹ̀, fi àpò yanrìn gbé ọwọ́ rẹ ró. Jẹ́ kí ìka wà lẹ́bàá ìbọn, kì í ṣe lórí apátí, títí ojú yóò fi wà lórí àmì tí ọkàn rẹ yóò sì ti pinnu. Mí síta díẹ̀, dá èémí dúró, kí o sì tẹ apátí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń fún ọsàn. Bí o bá já a gbà, ọta yóò yà. Dí etí rẹ, wọ awò sójú. Mo mọ ohun tí mo ń sọ ní ti etí.

Bí o bá fa apátí tí ìbọn kò dún, má ṣe ṣí i, má ṣe yí i wò. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọ ojú sí yẹ̀pẹ̀ náà, kí o sì ka oókan dé ọgọ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí iná lè pẹ́ kí ó tó ràn. Bí ó bá sì dún ní ohùn jẹ́jẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, dúró. Ọta lè ti há sínú ọ̀pá, èyí tí o bá sì yìn tẹ̀lé e lè fa ìbọn náà ya mọ́ ọ lọ́wọ́. Fọ ọwọ́ kí o tó jẹun, nítorí òjé ni ọta.

Nílé, kí ìbọn wà nínú àpótí irin tí a tì, kí kátíríìjì wà nínú òmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ. Kì í ṣe lórí àjà, kì í ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ gbogbo ibi tí bàbá rẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́ sí.

Olóyè wa ti gbọ́ ìdáhùn mi. Kí ó kọ́kọ́ ra ṣọ́bìrì mẹ́rin, kí ó gba àwọn alágbàṣe, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ náà jọ ní oko rẹ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì, kí ó sì máa lépa ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Bí òkìtì náà bá ti ga tó, kí ó ránṣẹ́ pè mí. Èmi yóò wá yí i po, èmi yóò sì lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti wo ohun tí ń bẹ níbẹ̀, kí ìbọn kankan tó dé.