Ìkànnì Tuntun Láti Ara Àwòṣe

Ẹni tó fẹ́ ṣí ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Láti ọdún 2019, ẹni tó bá ti kọ́ ìkànnì kan dáadáa lórí GitHub, ojúlé tí àwọn èèyàn ń kó fáìlì iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, lè sọ ọ́ di template, ìyẹn àwòṣe tí ẹlòmíràn lè mú lò. Ẹ tẹ bọ́tìnì "Use this template", ẹ fún iṣẹ́ yín lórúkọ, gbogbo fáìlì á sì wọlé sọ́dọ̀ yín. Ìtàn àtúnṣe tí onílé àkọ́kọ́ ti ṣe kò ní bá wọn wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ yan Pages, ẹ mú ẹ̀ka (branch) tí fáìlì yín wà. Kò ní pẹ́ tí ìkànnì yóò fi jáde. Ọ̀fẹ́ ni bí iṣẹ́ náà bá wà ní gbangba, kó ṣáà má ti ju 1 GB lọ.

Ohun tó ń ká mi lára ni àwọn tó ń gbé àwòṣe jáde láìtún un ṣe. Orúkọ onílé àkọ́kọ́, ímeèlì rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ṣì lè wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Oníbàárà yín á pe nọ́ńbà yẹn, ẹlòmíràn ló máa gbé e! Bí àwòṣe náà bá jẹ́ ti Jekyll, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, fáìlì _config.yml ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí láti pààrọ̀ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka fáìlì LICENSE, tó ń sọ bí ẹ ṣe lè lo àwòṣe náà, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sínú iṣẹ́ tí gbogbo ayé lè rí.