Wáyà Ti Kúrò, Ṣùgbọ́n Iṣẹ́ Kò Tíì Parí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Port Harcourt, tí a sì tẹ̀ jáde fún àǹfààní àwọn ará wa tí ó wà ní Òkè Ọya)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tí ó ní kí á wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn eyín. Ẹlòmíràn lè máa rò nínú ara rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ ilé ìpàdé ń bẹ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù ń bẹ nílẹ̀, kí ni ti eyín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀. Owó ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ọmọ ni ó sì dá lé pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín nítorí pé eyín rẹ̀ gorí ara wọn, tàbí pé ti òkè yọ síta jù. Wọn a de wáyà mọ́ ọn. Ọmọ a gbé wáyà náà sẹ́nu fún ọdún kan ààbọ̀ tàbí ọdún méjì, òbí a sì máa sanwó. Ní ọjọ́ tí wáyà bá kúrò, gbogbo ilé a yọ̀, a ó ya fọ́tò, a ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí rárá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ tiwa, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ kìlọ̀ fún ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ bo ẹ̀bi ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Port Harcourt yìí ni wọ́n ti to eyín ọmọbìnrin wa. Inú èésú àti owó alájẹṣẹ́kù ni a ti yọ owó náà. Nígbà tí wáyà kúrò, wọ́n fún un ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní rìténà, pé kí ó máa fi sẹ́nu lójoojúmọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi lọ kàwé ní Zaria. Ní ọjọ́ kan, ó jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó yọ rìténà lẹ́nu, ó fi bébà wé e, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ẹni tí ó kó àwo kúrò ni ó kó bébà náà dà nù. Ẹ̀rù bà á láti sọ fún wa, nítorí ó mọ iye tí a ná. Nígbà tí ó wálé fún Kérésìmesì, a rí i pé bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń fi ọwọ́ bo ẹnu gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe látijọ́. Eyín iwájú méjì ní ìsàlẹ̀ ti ń yí padà.

A bínú gidigidi. A pè é ní aláìbìkítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìbéèrè kan ni ó bi àwa òbí: ta ni nínú wa tí ó mọ ìdí tí a fi fún ọmọ náà ní rìténà? A wo ojú ara wa. A kò mọ̀ ọ́n. A ti rò pé jàrá lásán ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Eyín kì í ṣe ìṣó tí a kàn mọ́ pákó. Ó dúró nínú egungun àgbọ̀n, àwọn okùn iṣan tín-ín-rín ni ó sì so ó mọ́ egungun náà yípo. Bí wáyà bá ń tì í jẹ́jẹ́, egungun a máa yọ́ níwájú rẹ̀, òmíràn a sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí ni eyín ṣe ń rìn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà náà rí. Ṣùgbọ́n bí eyín bá dé ibùjókòó tuntun, ibẹ̀ ṣì rọ̀, bí símẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ. Okùn iṣan tí ó so ó mọ́ egungun a máa gba bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó tún ara rẹ̀ tò. Èyí tí ó wà nínú ẹran ìdí eyín a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn nínú wọn lè gba ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yìí, eyín náà dà bí ewúrẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà: bí a kò bá so ó, ilé olówó rẹ̀ àtijọ́ ni yóò gbà lọ.

Kì í sì í ṣe ọ̀ràn ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, Robert Little àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn kan wò tí wọ́n ti yọ eyín díẹ̀ fún láti rí àyè to ìyókù, ó kéré tán ní ọdún 10 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi rìténà sílẹ̀. Àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1981 ni pé kò tó 30 nínú 100 wọn tí eyín iwájú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tò dáadáa. Ẹni tí kò tilẹ̀ fi wáyà sẹ́nu rí, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa fún pọ̀ bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ wo dígí nígbà tí ẹ bá délé. Nítorí náà, bí ọmọ bá bèèrè pé títí di ìgbà wo ni òun yóò fi máa lo rìténà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì fẹ́ kí eyín òun tò.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a fi ike àti wáyà ṣe. Ike a dúró ní àjà ẹnu, wáyà a gba iwájú eyín kọjá. Orúkọ Charles Hawley, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, ni a fi ń pè é, ó sì ti lé ní 100 ọdún tí a ti ń lò ó. Èkejì ni ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara, tí ó bo eyín bí ìbọ̀wọ́ ti ń bo ìka. Ẹ̀kẹta ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú, tí kì í kúrò. Òun ni dókítà sábà máa ń yàn fún ẹni tí ó bá pa ejí dé, nítorí ejí yára ṣí padà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ejí kì í ṣe àrùn ní ilẹ̀ wa, ẹwà ni. Kí òbí má ṣe fi ipá pa ejí ọmọ dé.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí a kọ́.

Èkíní, ní ìbẹ̀rẹ̀, dókítà sábà máa ń ní kí á lo rìténà tọ̀sán-tòru, àfi ìgbà oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò di ti òru nìkan. Ohun tí dókítà tiyín bá wí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Èkejì, bí kò bá sí lẹ́nu, inú àpótí rẹ̀ ni kí ó wà. Ẹ má fi bébà wé e, ẹ má fi í sápò ṣòkòtò. Ajá pàápàá a máa rún un jẹ.

Ẹ̀kẹta, omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí á fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná a máa ká a kò. Ẹ̀yin ará wa ní Kano, Sokoto àti Maiduguri, ẹ mọ bí inú mọ́tò tí a tì pa ti ń gbóná ní oṣù kẹrin. Ẹ má fi rìténà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó ní wáyà lẹ́yìn eyín, kí ó ṣọ́ra fún ìrèké, kílíṣí líle àti egungun ẹran, kí ó má sì fi eyín ṣí ìgò. Kí ó máa fọ abẹ́ wáyà náà dáadáa, kí dókítà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè tú lára eyín kan kí á má mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí rìténà bá sọnù tàbí tí ó kán, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá kí ẹ tó lọ. Bí ó bá ń fún, eyín ti ń rìn nìyẹn. Bí kò bá wọlé mọ́, ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́.

Èyí tí ó kan àwa ará ìdálẹ̀ jù lọ ni ó kù. Dókítà tí ó to eyín ọmọ wà ní Port Harcourt, ilé iṣẹ́ sì gbé bàbá lọ sí Kaduna. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ gba ìwé ìtọ́jú ọmọ, fọ́tò, àwòrán X-ray àti àwòṣe eyín rẹ̀. Bí agbára bá gbé e, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe rìténà kejì sí ìpamọ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, irú èyí tí ó wà ní Alakahia níhìn-ín, Aminu Kano ní Kano, àti ti Ahmadu Bello ní Zaria, ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè ẹni tí ń to eyín.

Ní tiwa, a tún de wáyà fún oṣù mẹ́jọ, a sì tún sanwó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni pé a bú ọmọ lórí ohun tí àwa kò kọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, bí a bá pè é lórí fóònù, lẹ́yìn kíkí, a ó bi í pé, "Rìténà ńkọ́?" Yóò bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó wálé kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò bo ẹnu mọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀rín àwọn ọmọ wa sí, nílé àti ní ìdálẹ̀.