Ìwé Tí Ń Pa Ènìyàn Lẹ́rìn-ín

 

Àwọn kan nínú yín máa ń bi mí pé: "Tíṣà, a ti lè ka rìsíìtì, a ti lè kọ orúkọ wa. Kí ló tún kù?" Èsì mi ni pé ẹ̀rín kù. Ìwé kan wà tí kì í ṣe ti òfin, tí kì í ṣe ti owó. Ti ẹ̀rín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀kan. Don Quixote ni orúkọ rẹ̀. Cervantes, ọmọ ilẹ̀ Spéìn, ló kọ ọ́. Apá kìíní jáde ní 1605, apá kejì ní 1615. Bàbá kan wà ní abúlé kan ní àgbègbè La Mancha. Ó ka ìtàn àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ó gbé ọ̀kọ̀, ó gun ẹṣin tó ti rù kan eegun, ó ní òun náà di jagunjagun. Ó rí ọlọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí, ó ní òmìrán ni. Ó sáré kọlù ú. Apá ọlọ gbé tòun tẹṣin, ó là wọ́n mọ́lẹ̀!

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí: "Ẹ ò rí i? Àkàjù ìwé ni!" Ẹ dúró ná. Ẹ wo Sancho Panza, àgbẹ̀ tó ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tẹ̀lé e. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òwe kún ẹnu rẹ̀ bí ti àwọn àgbà wa. Òun ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọlọ ni, kì í ṣe òmìrán. Ọgbọ́n ti wà lórí àgbà kí ìwé tó dé. Ìwé kò sì wá lé e jáde.

Ṣùgbọ́n àìmọ̀wé náà ní owó-orí tirẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà dé bá Teresa, ìyàwó Sancho, ó ní òun mọ òwú ran, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀wé. Àlejò ló kà á fún un. Ó fẹ́ fèsì. Ọ̀mọ̀wé abúlé náà ní òun yóò bá a kọ ọ́, Teresa kọ̀, nítorí ó mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó mọ̀wé ní búrẹ́dì kan àti ẹyin méjì kí ó bá òun kọ ọ́. Ẹ̀rín pa mí níbẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Nínú yín lónìí, ta ló tún ń fi ẹyin sanwó lẹ́tà?

Nínú ìwé yìí kan náà, onílé-àlejò kan sọ pé lásìkò ìkórè, àwọn olùkórè máa ń péjọ sílé òun lọ́jọ́ ọdún. Ẹnì kan tó mọ̀wé á mú ìwé, ènìyàn tó lé ní 30 á yí i ká, wọ́n á máa gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá ìwé tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá jẹun alẹ́ tán, ẹ kà á sókè fún ará ilé. Bí ẹ bá kọsẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kan, ẹ tún un kà. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í mọ̀ pé ojú-ewé pọ̀.